Ọgbọ̀n Náírà tí Ràsáàkì Gbà Sílẹ̀

Ní Ṣakí, kò sí ẹni tó lè ṣe òde tí Ràsáàkì kò ní gbọ́ ṣáájú. Ẹni tí yóò gbéyàwó, ẹni tí yóò ṣí ilé tuntun, ẹni tí ìyá rẹ̀ arúgbó ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà tí kò tíì ránṣẹ́ sí àwọn àna pàápàá, bó pẹ́ bó yá, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà Ràsáàkì pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ràsáàkì kì í ṣe olófòófó. Ìwé ló ń tẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́yí kan ló rà ní Ìbàdàn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kógbá wọlé, ó sì fi ọkọ̀ tó kó ẹlùbọ́ lọ, tó ń padà bọ̀ lófìfo, gbé e wá sílé lọ́dún 1974. Láti ìgbà náà, káàdì ìpè gbogbo àdúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń jáde.

Àléébù kan ni ẹ̀rọ náà ní. Àwọn lẹ́tà òjé tó bá a wá kò ní àmì lábẹ́, nítorí àwọn òyìnbó tó rọ wọ́n kò mọ̀ pé ẹnì kan yóò fẹ́ fi wọ́n kọ “ọkọ”. Bí Ràsáàkì bá tẹ igba káàdì tán, yóò jókòó ti báírò, yóò máa fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin àgbàdo. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé e lọ nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì fo ogójì káàdì. Ohun tí àwọn tó gba ogójì yẹn kà ni pé “oko ìyàwó” ń pè wọ́n. Ìyá àgbà kan ní Ìgbòho, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ka tirẹ̀ fún, gbé ọkọ́ kọ́ èjìká wá síbi ìgbéyàwó, nítorí ó rò pé ọ̀wẹ̀ ni àwọn àna ń bẹ̀.

Ní ọdún 1982, owó ṣì ń rìn díẹ̀ nílùú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àtipe ẹgbẹ́ olórin láti Ìbàdàn a máa háyà oní-rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn ọkùnrin kan pẹ̀lú gírámáfóònù, àwo orin, sípíkà méjì àti jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè wọ́n ní dííjè. Àwọn àgbà ń pè wọ́n ní aláriwo. Mẹ́ta ni wọ́n ní ìlú. Bàṣírù, tó ti ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ló kan sípíkà rẹ̀ láti ara pákó ìrókò, ọkùnrin mẹ́rin ní í gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adétúnjí jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ kan. Bí ó bá fẹ́ fi àwo kan sí i, yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tó kọ orin náà, ọdún tó kọ ọ́ àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, àwọn oníjó yóò sì dúró lójú agbo bí ọmọ ilé ìwé. Àpọ́nlé, tó wá láti Tẹ̀dé, ní àwo mọ́kànlá péré, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò kú rí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àṣà kan náà. Wọn a yà sí ilé ìtẹ̀wé bí ẹni fẹ́ kí èèyàn, ojú wọn a sì máa wà lára káàdì tí Ràsáàkì sá sórí tábìlì. Ẹni tó bá rí ọjọ́ òde àti àdúgbò olóde, a sáré dágbére, a gba ọ̀dọ̀ olóde lọ. Bàṣírù tilẹ̀ ti mọ ìwé kà lódìlódì débi pé kò nílò kí ẹnikẹ́ni yí káàdì sí òun. Ràsáàkì wò wọ́n títí, ó wá bi ara rẹ̀ pé ta ló sọ pé kí òun máa ta omi, kí ẹlòmíràn máa wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ó ṣe di alágbàtà òde nìyẹn. Ó pè wọ́n jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ọgbọ̀n náírà sílẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀, òun yóò sì máa wá òde fún wọn, kò ní sí pé ẹnì kan ń já òde gbà mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Bàṣírù ní kí ló dé tí àwọn yóò fi sanwó kí àwọn tó rí iṣẹ́. Ràsáàkì dáhùn pé ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ kì í dúró dé Ọ̀yọ́ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Adétúnjí létí nítorí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Òun ló kọ́kọ́ san, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ìyàwó Ràsáàkì, Àwáwù, ń ta abọ́ tánganran níwájú ilé ìtẹ̀wé náà. Kò dá sí i lójú àwọn àlejò. Nígbà tí wọ́n lọ tán ló béèrè ohun tí ó fẹ́ béèrè.

“Bàbá Àdìjátù, ẹ ti gba owó ẹran lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta. Ṣé ẹ ti rí màlúù?”

“Màlúù kì í tán ní Ṣakí,” ni Ràsáàkì sọ.

Ó tẹ ìwé àdéhùn fún wọn lórí bébà aláwọ̀ yẹ́lò tó nípọn. “Ràsáàkì àti Àwọn Ọmọ, Alágbàtà Òde Ayọ̀” ló kọ sókè, bẹ́ẹ̀ Àdìjátù nìkan ni ọmọ tó bí, ìyẹn sì ti wà nílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa rí òde méjì lóṣooṣù. Nígbà tó to lẹ́tà tán, ó rí i pé àyè ṣì kù nísàlẹ̀, bébà náà sì dà bí ẹni tí kò wọ bàtà. Ó wá fi ìlà kan kún un kí ó lè kún: “Òjò ì báà rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ì báà mú.” Ìlà náà dùn mọ́ ọn nínú. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó sì fi àádọ́rùn-ún náírà ra lẹ́tà òjé tuntun tó ní àmì lábẹ́.

Oṣù àkọ́kọ́ dára. Ìgbéyàwó wà, ìṣílé wà, àwọn aránṣọ kan gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, àwọn oní-rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹun yó. Lẹ́yìn náà ni òjò dé gan-an. Àwọn àgbẹ̀ kó lọ sóko iṣu, ẹni tí ó sì kù nílé kò ní owó òde. Ràsáàkì ṣì ń sọ pé nǹkan yóò yí padà, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn èèyàn jáde sí gbangba, tí wọ́n nawọ́ sókè, tí wọ́n ní àwọn ti rí oṣù. Ràsáàkì náà gbójú sókè. Oṣù ń bẹ níbẹ̀, tínrín, ó mọ́lẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gba àwẹ̀ Ràmàdáánì láìyẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ń tẹ ìwé àdéhùn, kò rántí ka oṣù. Ta ni yóò lu sípíkà láàárín àwẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé pẹ̀lú bébà yẹ́lò lọ́wọ́. Wọn kò bínú. Ó ì bá sàn kí wọ́n bínú. Adétúnjí ló ka ìlà ìsàlẹ̀ jáde bí ẹni ń ka ìwé fún kíláàsì, ó sì béèrè lọ́wọ́ Ràsáàkì bóyá ohun tó ń rọ̀ lórí páànù nísinsìnyí kì í ṣe òjò. Ràsáàkì gbà pé òjò ni. Wọ́n ní kò burú, àwọn kò ní dà á láàmú, àwọn yóò kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí òde má baà kọjá kí àwọn má mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọn a dé, wọn a kí ilé, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ohun tí kò sí nínú àdéhùn ni ìṣínu. Ẹni tí oòrùn wọ̀ bá nílé rẹ tó ń gbààwẹ̀, o kò lè máa mu ẹ̀kọ níṣojú rẹ̀. Àwáwù gbé àkàrà àti ẹ̀kọ sílẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ kìíní, ó gbé iyán sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì di àṣà. Adétúnjí kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì gba àwẹ̀ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n bí a bá ní ká ṣínu, kò sẹ́ni tó lè bá a dé ìdí abọ́. Ó ní òun ń bá wọn kẹ́dùn ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n lọ tán, Àwáwù kó abọ́ jọ, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

“Wọ́n ti jẹ ọgbọ̀n náírà wọn tán,” ló wí. “Èyí tí wọ́n ń jẹ báyìí, tèmi ni.”

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni Ràsáàkì jáde lọ wá òde. Ó kọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin kan tó ti kan òrùlé ilé tuntun láti ọdún mẹ́ta, ó rọ̀ ọ́ pé kó ṣílé lẹ́yìn àwẹ̀. Ọkùnrin náà mú un yípo ilé, ó fi ojú fèrèsé mẹ́rìndínlógún tí kò ní fèrèsé hàn án, ó wá bi í bóyá òun ni yóò kan wọ́n. Ó lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan nílé àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa adùn ìgbéyàwó kíákíá débi pé ìyá ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí wo ikùn ọmọ rẹ̀ tìfura-tìfura. Ó kúrò níbẹ̀ láìdágbére.

Ibi tó wá bá orí rere pàdé ni agboolé Bàbá Ràmọ́nì. Bàbá yìí ni wọ́n kà sí àgbà jùlọ nínú agboolé náà, ọmọ rẹ̀ sì ń ṣòwò aṣọ ní Ìsẹ́yìn, owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ràsáàkì ṣàlàyé fún un pé ní ayé òde òní, àgbà tó bá pé ọgọ́rin ọdún a máa ṣọpẹ́, a máa pe èèyàn. Inú Bàbá Ràmọ́nì dùn. Ó ní òun ti pé ọgọ́rin tipẹ́, kò sẹ́ni tó ránni létí ni. Kí Ràsáàkì má baà tẹ irọ́, ó béèrè ọdún tí wọ́n bí i. Bàbá ní òun kò mọ ọdún òyìnbó, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Òkèihò, tí ìbẹ̀rù mú kí àwọn ará ilé àwọn sá lọ sóko, òun ti ń ru iṣu lórí.

Bàbá Fàtímọ̀ wà ní òdìkejì àgbàlá, ó ń lọ́ okùn. Láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, òun ló ń kọ́kọ́ kí Bàbá Ràmọ́nì láàárọ̀, òun ló ń yọ̀ǹda ẹran tó tóbi fún un. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó dá okùn lílọ́ dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí,” ló wí. “Nígbà tí a sá lọ sóko yẹn, èmi ni mo pọ̀n yín.”

Bàbá Fàtímọ̀ gbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu òun jáde yẹ̀ wò, ó sì tún un sọ.

“Èmi ni mo pọ̀n ọ́.”

Bí ẹni ju òkúta sínú odò ni “ọ́” yẹn rí. Bàbá Ràmọ́nì dìde lórí àga. Ó ní ta ni Bàbá Fàtímọ̀ ń pè ní ọ́. Bàbá Fàtímọ̀ ní òun kò fẹ́ ìjà, òun ti dákẹ́ láti ìgbà èwe nítorí pé Bàbá Ràmọ́nì tètè ga, ó sì tètè gbéyàwó, gbogbo èèyàn sì gbà pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìwé títẹ̀, òun kò ní jẹ́ kí ọmọ tí òun pọ̀n, tó tọ̀ sí òun lẹ́yìn, wá máa ṣàgbà òun nínú káàdì. Ràsáàkì ń gbìyànjú láti fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ti rí i pé àgbà méjì ni òde méjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Bàbá Ràmọ́nì ti fi owó káàdì ránṣẹ́ fún ọgọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ kejì Bàbá Fàtímọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin sí tòun. Bàbá Ràmọ́nì gbọ́, ó ní kí wọ́n sún tòun sí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Bàbá Fàtímọ̀ sún sí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n dé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, Àwáwù gba bébà náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, àwọn bàbá méjèèjì yóò dàgbà ju ìlú lọ. Ó ní kí ó kọ “ọpẹ́ àgbà” sí káàdì méjèèjì, kó má sì kọ iye kankan. Ràsáàkì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan náà, lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, ni àwọn méjèèjì mú, nínú àgbàlá kan náà, nítorí kò sí ẹni tó gbà láti ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ẹnìkejì. Bàbá Ràmọ́nì háyà Bàṣírù, Bàbá Fàtímọ̀ háyà Àpọ́nlé. Sípíkà kọjú sí sípíkà, ogún ẹsẹ̀ bàtà láàárín wọn. Láti agogo méjìlá ọ̀sán, Bàṣírù ń lu wákà níhìn-ín, Àpọ́nlé ń lu jùjú lọ́hùn-ún, ẹni tó bá wà láàárín sì ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún jó ọ̀kan, ó ń fi tòsì jó ìkejì. Àlejò kan láti Àgọ́-Àmọ́dù jẹun nílé Bàbá Ràmọ́nì, ó ná owó fún Bàbá Fàtímọ̀, kò sì mọ̀ pé òde méjì ni òun lọ. Àwo mọ́kànlá Àpọ́nlé yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó di pé àwọn ewúrẹ́ agboolé mọ èyí tó kàn.

Lẹ́yìn agogo mẹ́rin, òjò dé láìkìlọ̀. Wọ́n fi tapólì bo ẹ̀rọ, àwọn àlejò tú ká. Nígbà tí Ràsáàkì yọjú, àwọn bàbá méjèèjì ló kù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, lórí àga kan ṣoṣo tí òjò kò dé, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdajì ìdí. Wọ́n jọ ń jẹ ẹran nínú abọ́ kan. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá mú èyí tó tóbi, ó ń ti èyí tó tẹ̀ lé e sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kí ẹnìkejì, olúkúlùkù sì wà ní yàrá rẹ̀ títí oòrùn fi kanrí. Ebi ló lé wọn jáde. Wọ́n jọ sọ “ẹ káàárọ̀” lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán gangan, láti ìgbà náà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń fi ẹ̀yin pe ẹnìkejì.

Òde Adétúnjí nìkan ni kò tí ì dé. Ràsáàkì wá a títí, agbára rẹ̀ pin. Àwáwù ta dùsìn abọ́ kan fún obìnrin tó ń lọ sí Parakú, ó sì ní kí ọkọ rẹ̀ dá owó tíṣà padà. Adétúnjí gba ọgbọ̀n náírà náà, ó kà á, ó mú gègé jáde. Ó ṣírò òde tó ti rí ní oṣù àkọ́kọ́, ó ṣírò ìṣínu ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ó fi àmì sábẹ́ ìṣirò náà, ó sì dá náírà mọ́kàndínlógún padà fún Àwáwù. Ó ní òun kò fẹ́ jẹ gbèsè èèyàn tó ń gún iyán bẹ́ẹ̀.

Ràsáàkì bá búra pé òun kò ní gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oní-rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́. Kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ná, kí wọ́n gbowó, kí wọ́n wá fún òun ní náírà kan nínú mẹ́wàá. Gbogbo wọn gbà tayọ̀tayọ̀. Òde padà bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì wá òde mẹ́jọ fún wọn láàárín oṣù méjì. Ohun tó rí gbà jẹ́ náírà márùn-ún, ọ̀dọ̀ Adétúnjí ni gbogbo rẹ̀ sì ti wá. Àpọ́nlé máa ń ti òde lọ tààrà sí Tẹ̀dé, a ní ìyá òun ń ṣàìsàn. Ti Bàṣírù ló burú jù. Kí ó má baà gba iwájú ilé ìtẹ̀wé kọjá, ó ń mú kí ọkùnrin mẹ́jọ gbé sípíkà ìrókò gba ọ̀nà etí odò, nínú ẹrẹ̀, ibi tó jìn ju ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Ohun tó ń san fún àwọn agbẹ́rù náà ju ohun tó jẹ Ràsáàkì lọ.

“Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn ṣáájú, wọ́n jókòó tì yín,” ni Àwáwù sọ. “Ẹ ní kí wọ́n san án lẹ́yìn, wọ́n sá fún yín. Ta ni kò lè sá?”

Ràsáàkì ní bóyá àwọn agbẹ́rù ni.

“Olóde ni,” ni Àwáwù wí. “Ó ti fi ọjọ́ sí i, ó ti pe àna. Níbo ló fẹ́ sá lọ?”

Láti ìgbà náà, káàdì kì í kúrò lórí tábìlì àfi bí olóde bá san owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdajì owó oní-rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọwọ́ Àwáwù lowó náà ń wà. Láàárọ̀ òde, oní-rẹ́kọ́ọ̀dù yóò wá gba tirẹ̀, Àwáwù yóò ti yọ ti ilé kúrò, kò sí àròyé. Bàṣírù padà sí ọ̀nà tààrà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1985, tí owó ti há mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, àwọn oní-rẹ́kọ́ọ̀dù méje ló wà lábẹ́ Àwáwù, láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí títí dé Ìsẹ́yìn, Ràsáàkì sì ń bi í léèrè ohun tí òun yóò tẹ̀.

Ní ọdún yẹn ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Olúfẹ́mi wá láti Ìsẹ́yìn. Ó ní ọ́fíìsì kan wà ní Ìbàdàn tó ń gba àádọ́ta náírà sílẹ̀ lọ́wọ́ dííjè, wọ́n ní àwọn yóò máa wá òde ńláńlá fún un. Ṣé kí òun san án? Ó rò pé Ràsáàkì, gẹ́gẹ́ bí àgbà nínú iṣẹ́ náà, yóò mọ̀. Ràsáàkì béèrè bóyá àwọn ará ọ́fíìsì náà ti sọ ọjọ́ òde kan, ibi kan àti orúkọ olóde kan. Olúfẹ́mi ní rárá, ṣùgbọ́n àga wọn dára, wọ́n sì ní tẹlifóònù.

Ràsáàkì mi orí. Ó ní kó lọ bá ìyàwó òun níwájú. Àwáwù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè iye àwo tó ní, ó béèrè bóyá ó mọ ìwà hù lójú àgbà, ó sì wo inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ òde sí. Ìgbéyàwó kan wà ní Àgọ́-Àmọ́dù ní Sátidé tó ń bọ̀, olóde ti san. Ó ní kí Olúfẹ́mi tètè dé, kó má sì jẹ́ kí sípíkà kọjú sí ibi tí àwọn àgbà yóò jókòó.